Ta Ni Ọ̀pẹ̀?

Pẹ̀lú ìbínú ni Alájì Mọ́rúfù fi wọ kíláàsì ní àdúgbò Patte d'Oie. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì alùpùpù ní ọjà Sankaryaré, òróró ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá Ìdíátù ọmọ rẹ̀ nídìí ọpọ́n ayò. Màdáámù Ramatou, olùkọ́ rẹ̀, ló jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, níbi tó ti ṣófo láti ìgbà tí àwọn òbí Fatimata, ọ̀rẹ́ Ìdíátù, ti kó kúrò ní àdúgbò.

"Màdáámù, ṣé ayò ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi?"

"Ìṣirò ni, Alájì. Kó tó ta ọmọ ayò, ó gbọ́dọ̀ ti ka ibi tí yóò bọ́ sí."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre! Ní ilé ìwé Bilbalogo, pàṣán ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n. Ó dáa. Ọ̀ta ni mí nídìí ayò, ẹ lọ béèrè. Kí Ìdíátù bá mi ta á. Bó bá pa mí, á dúró síbí. Bí mo bá pa á, Bilbalogo ló ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"D'accord, mo gbà," ni Màdáámù wí. Ọ̀gá ilé ìwé ti kìlọ̀ fún un pé bí òbí kan ṣoṣo bá tìtorí ayò yọ ọmọ rẹ̀, ọpọ́n náà di igi ìdáná.

Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ayò méjì péré ni Alájì fi ń borí nígbà kọ̀ọ̀kan, ariwo rẹ̀ sì gba kíláàsì kan.

"Ọ̀pẹ̀ tí kò mọ ayò ta! Ọmọ ọ̀pẹ̀!" ló ń pè é, kò rántí ẹni tó bí i.

Nígbà kẹta, Màdáámù rí ilé kan nínú ọpọ́n tí Ìdíátù lè fi kó gbogbo ọmọ ayò bàbá rẹ̀. Ìdíátù náà wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ẹni tó ń kà, ló bá lọ ta ilé mìíràn. Màdáámù di orí mú. Ó dá a lójú pé ẹ̀rù ló ba ọmọ náà.

"Pardon, Màdáámù, ẹ má bínú," ni Ìdíátù wí. Àpò ìwé ti wà léjìká rẹ̀ kí wọ́n tó kó ayò nílẹ̀.

Alájì fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn alùpùpù. Ọ̀gá ilé ìwé gbé ọpọ́n lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ní Bilbalogo, Fatimata sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, Ìdíátù sì sọ ọ́ sí i létí pé: "Ọ̀pẹ̀ ni bàbá mi o; ọmọ méjì-méjì ni mo fi ń jẹ́ kí wọ́n borí, kí wọ́n má baà fura."