Dókítà Tó Mọ Ọ̀rọ̀ Burúkú Í Sọ

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà nínú apó. Ti Dókítà Adégbóyèga yàtọ̀. Dókítà àgbà tó ń wo jẹjẹrẹ ni, l'Abẹ́òkúta. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún èèyàn tán, onítọ̀hún á tún máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rán an sí Màmá Priscilla l'Óṣíẹ̀lẹ̀. Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ló wa mọ́tò gbé e lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ," ó ní. "Èmi ò lè wo ojú Màmá."

Màmá ń gbálẹ̀ pálọ̀, ó ń fi orin sí i. Ajá kan dìde lábẹ́ fèrèsé, ó lọ sùn sí ilé kejì.

Dókítà kí i, ó jókòó, torí wọn kì í wà lórí ìdúró sọ irú rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ Màmá. Ó bu omi fún un. Ó bi í bóyá ẹnìkan wà nílé tó lè bá a jókòó. Màmá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Dókítà, kí ló dé?"

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà kíyè sí i pé ọ̀fun yín ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́?"

"Ó kàn ń ha díẹ̀ ni. Mo ń jẹ atalẹ̀ sí i."

"Ó ti kọjá atalẹ̀, Màmá. Gbogbo wa la jókòó lé e lórí, a tẹ́tí sí i dáadáa."

"Ṣé ó máa pa mí ni?"

"Rárá o. Ẹ ṣì máa pẹ́ láyé."

"Ṣé kò wá ní àtúnṣe ni?"

"Láti ọdún tó kọjá la ti ń wò ó bóyá yóò sàn. Kò sàn."

Màmá di ojú. Ó ní kó máa wí, òun ti sin ọkọ, kò sí ohun tí etí òun ò tíì gbọ́ rí.

Ó dun Dókítà gan-an, torí Màmá yìí ló kọ́ ọ ní Bíbélì ní kékeré. Níta, Fíkà ti ṣáná sí mọ́tò.

Dókítà di ọwọ́ Màmá mú, ó ní: "Màmá, níbi Ìkórè tọdún yìí, kwáyà ní kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dá kọrin."