Àlejò Méjì ní Valletta

Iṣẹ́ Karmena ni kí ó máa mú àlejò kiri ìlú Valletta. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀ sí èbúté, òun ni yóò ṣáájú wọn gun àwọn òpópónà alátẹ̀gùn, tí yóò máa fi agbòjò pupa júwe ilé fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àlejò méjì péré ni wọ́n fún un: ọkùnrin kan tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tó ti Ọsirélíà dé, àti Iris, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tó fẹ́ gbé níyàwó lọ́jọ́ kejì.

“Wistin lorúkọ mi,” ni ọkùnrin náà wí. “Ọmọ ìlú yìí ni mí o. Ìyàwó mi ló ní àfi dandan ká gba ẹni tó máa mú wa kiri.”

Karmena ti dá a mọ̀ kó tó lanu. Ọkùnrin náà kò dá Karmena mọ̀. Ọmọdé ni Karmena nígbà tí Wistin fi Lucija, ẹ̀gbọ́n Karmena, sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn, tó wọkọ̀ lọ. Lucija kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí ó fi kú. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àánú Iris ṣe é. Ṣùgbọ́n ó sàn kó gbọ́ lónìí ju kó sunkún lọ́la.

Kò mú wọn lọ sí kàtídírà. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó kọjú sí èbúté ló mú wọn lọ.

“Ẹnu ọ̀nà yìí,” ó ní, “ni ọmọbìnrin àdúgbò wa kan dúró sí, tó ń retí ọkọ tí kò wá.”

Wistin wo aago ọwọ́ rẹ̀. “Ebi ń pa mí. Pastizzi gbígbóná wà nísàlẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.”

“Jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀ jàre,” ni Iris wí. “Àǹtí, ṣé ó pẹ́ níbẹ̀?”

“Títí wọ́n fi pa àbẹ́là.”

“Ọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ ránṣẹ́?”

“Ránṣẹ́ kẹ̀? Ẹni tó sá bí olè!”

“Kí lorúkọ ẹ̀?”

Karmena wo ọkùnrin náà lójú. “Wistin ni. Ẹ̀gbọ́n mi sì ni ọmọbìnrin náà.”

Ojú Wistin funfun bí eérú. Iris fọwọ́ bo ẹnu, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó so mọ́ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lápá.

“Ọ̀rọ̀ àná ti lọ pẹ̀lú àná, àǹtí. Ta ni ò ṣe agọ̀ rí? Ọkọ mi, dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn kí n yà ẹ́ ní fọ́tò. Ṣebí ibí náà la máa ti ṣègbéyàwó lọ́la? Èmi ni mo yan ibí láti Melbourne, ọkọ mi ò sì rí nǹkan kan sọ sí i.” Ó yíjú sí Karmena. “Ẹ fún mi ní nọ́ńbà fóònù yín. Ẹ má ṣaláì wá o.”

Karmena ka nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Irú obìnrin wo lèyí? Ó pinnu pé òun yóò lọ lóòótọ́, òun yóò sì gbé Wistin ṣépè lójú gbogbo ayé.

Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Wistin wà lẹ́nu ọ̀nà nínú kóòtù tuntun, òdòdó lókè àyà, òógùn lójú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àlùfáà ti jáde wo ojú pópó, ó ti padà wọlé. Karmena ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lanu ni fóònù rẹ̀ dún.

“Àǹtí Karmena,” ni ohùn Iris wí, “mo ti wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ojú ẹ̀ dáadáa, torí ẹ̀gbọ́n tèmi, tí Wistin náà já jù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Melbourne, máa fẹ́ gbọ́ bó ṣe rí.”