Orí Kìnnìún Tí Òkété Mọ

Àlọ́ mi gba ẹsẹ̀ òkè, ó já sílé Òkété amọ̀kòkò, tó ń fi amọ̀ mọ ìkòkò àti ère ẹranko igbó.

Kìnnìún ní kó mọ ère òun. Bí Òkété ṣe fẹ́ gbẹ́ inú ère náà, Kìnnìún bú ramúramù: "Ṣé agbè ni mí tí inú mi á fi ṣófo?"

"Kábíyèsí, amọ̀ tó bá dí kì í gbẹ dénú. Iná á fọ́ ọ."

"Panu mọ́!"

Òkété fi ìbínú dí inú ère náà, ó ń kọrin:

Mo wí, ọba ò gbọ́.
*Iná á sọ fún un!*

Ó kó o sínú iná pẹ̀lú àwọn ère yòókù. Iná mú. Ère Kìnnìún bú gbàù, ó run gbogbo ẹranko tí Òkété ti mọ.

"O ò mọṣẹ́!" ni Kìnnìún wí.

Òkété ju àfọ́kù orí ère sẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Orí yín rèé. Ó dí pa. Ọ̀rọ̀ ò ríbi wọ̀."