Ẹni Tó Jókòó Sórí Táyà Ọ̀tún

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Adígún, awakọ̀ katakata wa, dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oko. Ebè iṣu àtijọ́ ń ta táyà ọ̀tún sókè, kò jẹ́ kó di ilẹ̀ mú. Bó bá tún fò, katakata lè yí lù ú. Kó dín eré kù ló yẹ, ṣùgbọ́n òpè ni Adígún: ó ní kí n wá jókòó sórí irin tó bo táyà kó lè wúwo. Mo kọ̀.

Ló bá ké sínú òkùnkùn pé, "Ẹni tó bá wà nítòsí, ẹ wá bá mi tẹ̀ ẹ́."

"Ta lò ń pè? Ewúrẹ́?"

"Ẹni tó bá gbọ́ ni, ọ̀gá."

A kò rí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ táyà ọ̀tún tẹ̀ wọlẹ̀, katakata sì rọra sọ̀ kalẹ̀ láìmì. Adígún pa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ ṣeun o. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀."

Táyà náà ṣì tẹ̀ síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo bú sẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. Ẹ́ńjìnnì ti kú, ṣùgbọ́n irin táyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sórí rẹ̀, tó ń bá mi rẹ́rìn-ín.