Oúnjẹ Ṣebótimọ

Ní ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ọlálérè wo ajá ìyàwó rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ní òun lè ka egungun ìhà rẹ̀ láìdìde. Ṣebótimọ ni ajá náà ń jẹ́. Òun ni gbogbo ogún tó kan Eunice nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Ìpè. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti pín ilẹ̀.

Ọlálérè kì í ṣe òǹrorò. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ní Ọ̀kà, ìdajì owó oṣù ni wọ́n sì ń san fún wọn láti ọdún tó kọjá. Ajá ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ya àwòrán ajá sí. Ó sọ fún Eunice pé bí Ṣebótimọ kò bá sanra títí di ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀, Ezekiel tó ń ta ẹran ajá yóò wá mú un lọ. Ó ti bá Ezekiel sọ ọ́.

Eunice kò bá a jiyàn. Tíṣà ni. Ó wo fídíò kan lórí fóònù, níbi tí dókítà ẹranko kan ti ń ṣàlàyé pé kò pọn dandan kéèyàn ra oúnjẹ olówó ńlá fún ajá. Ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ni kí wọ́n fún un, kí wọ́n kàn máa bu nǹkan aṣaralóore lé e lórí. Kò gbọdọ̀ sí iyọ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ata. Abọ́ gbọ́dọ̀ mọ́.

Ó ra abọ́ tánganran tuntun kan tó ní òdòdó lára. Ọ̀dùnkún àti ìrẹsì díẹ̀ ni ìsàlẹ̀ oúnjẹ náà. Tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ló ń bù lé e lórí. Lọ́jà Ìkàrẹ́, ẹlẹ́yin máa ń fi ẹyin tó ti sán pamọ́ dè é, ẹlẹ́ran sì máa ń gé etí ẹ̀dọ̀ fún un. Kò fi èèpo ẹyin ṣòfò. Ó ń sá a sóòrùn, ó ń gún un, ó sì ń wọ́n ọn sí i nítorí eegun ajá.

Láàárọ̀, àjẹkù ilé ni ajá náà ń jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Eunice á fi àwo dé abọ́ náà, á gbé e sórí ògiri kúkurú tó wà láàárín ilé wọn àti ilé Alfa Hámzàt, kó lè tutù níbi tí adìẹ kò ti ní ṣá a jẹ. Á wá lọ kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì. Ó ti fi í sọ́kàn pé bí Ọlálérè bá ti Ọ̀kà dé, á gbé e fún ajá níbi tí wọ́n so ó mọ́. Bó bá padà dé, á bá abọ́ lórí ògiri, ó ti ṣófo, ó sì mọ́ tónítóní. Inú rẹ̀ ń dùn pé ọkọ òun tilẹ̀ ń fọ abọ́.

Ṣebótimọ kò sanra. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó túbọ̀ ń gbó sí i, pàápàá nígbà ìrun àṣálẹ́. Tẹ́lẹ̀, Alfa Hámzàt kì í gba irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti bá wọn jà lórí ajá yìí rí, ó ní kò jẹ́ kí òun gbọ́ Kùránì tí òun ń ké. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀, Àsàmáù, ti lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn ní Ìbàdàn, òun nìkan ló wà nílé. Bó bá rí Eunice lẹ́nu ọ̀nà, á rẹ́rìn-ín, á ṣàdúrà fún un gígùn.

Ọlálérè ní aràn ló wà nínú ajá náà. Eunice lọ hóró ìbẹ́pẹ, ó pò ó mọ́ ẹ̀dọ̀ kó má baà korò. Ní ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn ló ṣe ìmáàmù ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní inú ń da Alfa láàmú. Ara Ṣebótimọ kò yí padà.

Eunice fi ẹja yọ̀yọ̀ kún un. Ó fi kárọ́ọ̀tì kún un. Ní alẹ́ tí wọ́n rí òṣùpá, ó dé láti lẹ́sìnnì, kò bá abọ́ náà lórí ògiri mọ́. Ó gbà pé wọ́n ti jí i. Kò bínú púpọ̀, ajá tí wọ́n fẹ́ mú lọ lọ́la kò nílò abọ́.

Ezekiel dé láàárọ̀ ọjọ́ ọdún pẹ̀lú okùn. Ó fọwọ́ pa ìhà Ṣebótimọ, ó gbé e sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ni mo fẹ́ tà níbí? Kí n so ó mọ́ ọrùn bíi tẹ̀sùbáà?"

Ó ká okùn rẹ̀, ó lọ. Eunice tẹjú mọ́lẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ má baà rí ayọ̀ ojú rẹ̀. Ọlálérè mi orí. Ó ní òun kò tíì rí ẹranko aláìmoore tó èyí rí.

"Gbogbo oúnjẹ tí o ń fún un lójoojúmọ́ kí n tó dé."

"Èmi?" ni Eunice wí.

Ẹnìkan kí wọn lẹ́yìn. Alfa Hámzàt ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, aṣọ ọdún fún un mọ́ra. Ó gbé ìrẹsì ọdún tí ó fi aṣọ dì dání. Ó ní òun lọ sọ́dọ̀ dókítà láìpẹ́ yìí, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti wálẹ̀ nítorí òun kò jẹ iyọ̀ mọ́.

Eunice tú aṣọ náà, ó bá abọ́ tánganran olódòdó rẹ̀ lábẹ́ ìrẹsì, Alfa sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ọlálérè má baà gbọ́: "Tíṣà, kò sẹ́ni tó gbé irú oúnjẹ ìṣínu bẹ́ẹ̀ fún mi rí, àmọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, jọ̀ọ́ ọmọ mi, gún èèpo ẹyin yẹn kó kúnná, ó ń há sí mi léyín."