Pátákó Ọrùn

"Gbé e kọ́rùn kíá!"

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì na pátákó igi tí wọ́n kọ "Mo sọ fanákúlà" sí Adédoyin. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí tó máa ká èdè Èkìtì mọ́ ọmọ náà lẹ́nu ní kíláàsì. Ó ti sú Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń jẹ́ fanákúlà?"

"Èdè ilé yín ni!" Ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Òkè-Ìlá.

"Níbo làwọn òyìnbó ti rí orúkọ yẹn fún un?"

Tíṣà pòṣé. Àbí ọmọ yìí fẹ́ dán òun wò ni? Ó fa dikiṣọ́nárì yọ, ó ń fi ìbínú ṣí i títí ó fi rí i. Inú èdè Látìn ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, mà?"

Tíṣà gba pátákó náà lọ́wọ́ Adédoyin. Ó dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Àwọn ọmọ tó ti gbé e kọ́rùn látọdúnmọ́dún ti fi ẹnu kọ́ńpáàsì gbẹ́ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀.

Orúkọ Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ṣìkejì látòkè.