Íápíìsì Tí Ọkùnrin Kan Gbé Wá

Fadékẹ́mi tó ń tún fóònù ṣe ní Ṣakí ló kọ́kọ́ sọ èyí fún mi. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ọkùnrin kan gbé íápíìsì ńlá àfiborí wá tà fún un, irú aláìníwáyà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbá géèmù.

Fadékẹ́mi kì í ra àlòkù láìdán an wò. Ó fi gbá géèmù díẹ̀, ìró ìbọn dún ketekete. Ó fi gbọ́ ìwàásù, ó mọ́ létí. Ó wá fi pe àbúrò rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí. "Ẹ bá mi kí ọ̀rẹ́ yín tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín yẹn."

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀; iwájú rẹ̀ ni ọkùnrin náà dúró sí, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó pa fóònù náà pátápátá.

"Àwẹ̀ró!" ni obìnrin kan pè nínú íápíìsì.

Oríkì Fadékẹ́mi ni, ìyá rẹ̀ tó ti kú nìkan ló sì máa ń fi pè é. Ó ti la ẹnu kó tó rántí pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí.

"Ẹ dá wọn lóhùn," ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹ bá ti dáhùn, tiyín ni. N kò ní gba kọ́bọ̀."

Fadékẹ́mi yọ ọ́ lórí. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o dáhùn?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó gba íápíìsì rẹ̀, ó gbé e kọ́ ọrùn. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí ohùn náà fi tún sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ má bínú, ìyá mi, mò ń bọ̀," ló fi dáhùn, ó sì wọ inú òkùnkùn lọ láìbojúwẹ̀yìn.